Àwọn Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn ní Igbó-Ẹlẹ́rin

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé láti kékeré ni, pé bí ẹnì kan bá fún mi ní ẹ̀kọ, màá kọ́kọ́ tú ewé rẹ̀ wò dáadáa kí n tó dúpẹ́. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Ẹlẹ́rin, tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lé orí tábìlì mi, tó ní òun mú ètò kan wá tí yóò bá mi dín iná tí àwọn ẹ̀rọ mi ń jẹ kù, tí òun kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ni mo rín. Ọ̀fẹ́ ti èwo? Ní Èkó yìí? Ẹni tó bá ọ fọ mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ gan-an, tí o bá wò ó dáadáa, ó ti tọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo ní, “Akọ́wé, ẹ ṣeun o. Kí lẹ máa wá gbà?” Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà! Ẹbí mà ni wá.” Ọ̀rọ̀ ẹbí yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ mi ti le jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi àti ọkọ mi la jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ta ilé tí kò tíì kọ́, á mú pláànù rẹ̀ wá, àwa á sì yà á lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ilé ọ̀hún ti dúró: fèrèsé tí oòrùn ń tàn sí, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ olówó ńlá nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà láti Ìbà títí dé apá Badagry, àwòrán tiwa ni àwọn oníbàárà kọ́kọ́ rí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àkùrọ̀ ni wọ́n bá. Ìyẹn kò kàn wá.

Bí ọwọ́ ènìyàn bá ti parí yíyà, ó kù kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá kun ìmọ́lẹ̀ àti òjìji sí gbogbo rẹ̀. Rẹ́ńdà là ń pe ìyẹn, òun ló sì máa ń pa ẹ̀rọ lára. Bí a bá fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, oníbàárà á ti gba ibòmíràn lọ kó tó ṣe tán. Ohun tí à ń ṣe ni pé a so gbogbo ẹ̀rọ wa pọ̀, a gé àwòrán kan sí wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ẹnì kan. Ọ̀wẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Iná ni tiwa ń jẹ. Iná ìjọba ń wá nígbà tó bá wù ú. Sólà wà lórí òrùlé tó ń rọ iná sínú bátìrì, àmọ́ bí bátìrì bá ti kú, jẹnẹrétọ̀ ló kù, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí wọ́n ń ta epo.

Nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ọ̀kan wà tí a ń pè ní Àgbà. Òun ni ọkọ mi kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ láti Alábà, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì wálé, kò jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ fi sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn yòókù, lẹ́yìn rẹ̀ la rà wọ́n, èmi fúnra mi ni mo sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láti ìgbà tí ara ọkọ mi kò ti yá mọ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í fún Àgbà níṣẹ́ líle. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Bí a bá ń pín àwòrán, ojú ọ̀run ni a máa ń gé fún un, tàbí ògiri funfun tí kò ní nǹkan kan lára. Igi eléwé wẹ́wẹ́, omi, gíláàsì, gbogbo èyí tó ń gba agbára, àwọn ọmọdé inú wọn ló ń ṣe é. Obìnrin Ègùn kan tó ń bá mi yàwòrán ló ń pín iṣẹ́ náà. Á kí i láàárọ̀ pé, “Àgbà, ẹ káàárọ̀ o, ojú ọ̀run yín rèé,” a ó sì rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò jókòó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà máa la igi? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a ò sì bi ara wa pé ṣé irin náà ń rẹ̀.

Ọkọ mi kú. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. A kò bímọ. Èyí ni mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bí mo bá bímọ fún un ni, ọmọ ni ì bá jogún bàbá rẹ̀, kálukú ì bá sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, tó ń gbé nínú ìlú Ọ̀jọ́, dìde láàárín ẹbí. Ó ní ọwọ́ àbúrò òun ni ṣọ́ọ̀bù náà ti bẹ̀rẹ̀, pé bí ọdún bá yípo, àwọn á wá wo ohun tó jẹ́ ti àbúrò àwọn níbẹ̀, àwọn á sì mú un. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù. Kí ni mo wá fẹ́ máa jẹ? Ibẹ̀ ni mo lo ìgbà èwe mi sí. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn, n kò sì tún lágbára àtibẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí, ìbẹ̀rù yẹn sì máa ń jí kí èmi tó jí.

Nínú gbogbo wọn, Akọ́wé nìkan ni kò dá sí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni àbíkẹ́yìn ilé wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Akọ́wé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, bí ìyàwó ṣe ń fún ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbà. “Ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Ọmọ ọkọ ni. Òun náà ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. A ń bọ̀wọ̀ fún ara wa. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ lọ̀tọ̀, ìfọkàntán lọ̀tọ̀.

Bí ó ṣe ṣàlàyé ètò náà fún mi rèé. Ó ní kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń pàṣẹ fún pé ṣe báyìí, má ṣe báyìí. Ó ní kíkọ́ ló ń kọ́ṣẹ́. Á wo gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe sẹ́yìn àti iná tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jẹ nígbà tó ń ṣe é, á wo bí wọ́n ṣe ń gbóná, díẹ̀díẹ̀ á mọ ìwà wọn bí ìyálé ṣe ń mọ ìwà àwọn ọmọ ilé. Tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, òun fúnra rẹ̀ á máa yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àti ẹni tí yóò lọ sùn, kí iná má bàa ṣòfò. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ á ní àwọ̀ ewé, èyí tó bá ń sùn á ní àwọ̀ eérú.

Mo bi í pé, “Ta ló máa kọ́ ọ?”

Ó ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló máa kọ́ ọ, Àǹtí.”

Ọ̀rọ̀ dídùn. Mo gbà, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ jẹ mí tán, mo sì rò ó pé tí ojú mi bá ti wà lára rẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣe lẹ́yìn mi.

Nígbà tí ètò náà kẹ́kọ̀ọ́ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, iná dínkù lóòótọ́. Bátìrì tó máa ń kú kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde, ó wá ń dúró títí a ó fi palẹ̀ mọ́. Ayàwòrán mi pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo fa àga sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, mo wò ó. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ eérú, àwọ̀ eérú. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo fi òógùn ojú mi rà, oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹyọ kan péré ló ní àwọ̀ ewé, ìyẹn sì ni Àgbà. Ẹ̀rọ ọkọ mi. Òun ló ń ya igi, òun ló ń ya omi, òun ló ń ya gíláàsì, fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe tán kí ọ̀sán tó pọ́n wá ń di ìrọ̀lẹ́.

Háà! Èmi kì í ṣe òpònú. Ọdún ti fẹ́ yípo. Ẹbí ń bọ̀ wá wo ohun tó jẹ́ ti àbúrò wọn. Ọmọ ilé wọn wá gbé ètò kan wá lọ́fẹ̀ẹ́, ètò náà wá ní ẹ̀rọ àbúrò wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tèmi ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó wò. Ṣé ọ̀rọ̀ iná nìyẹn?

Nígbà tí Akọ́wé tún yà, mo ní, “Akọ́wé, kí ni tèmi ṣe tí ẹ fi ní kí wọ́n lọ sùn?”

“Àǹtí, èmi kọ́. Òun ló yàn bẹ́ẹ̀. Ó ti wò ó pé Àgbà ló ń jẹ iná kéré jù.”

“Àgbà? Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé bí a bá tàn án, à á lọ ra búrẹ́dì dé kó tó lajú?”

“Ètò yìí kò mọ irọ́ pa, Àǹtí. Kò mọ ẹbí, kò mọ àna.”

Mo ní, “Òun lè má mọ àna. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní ó dàbọ̀. N kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, mo sọ fún ayàwòrán mi pé kó má fi Akọ́wé àti àwọn ẹ̀rọ sílẹ̀ nìkan rárá, àní bó jẹ́ pé omi ló fẹ́ lọ mu. Ó ní, “Màmá, ẹ ti ń fura jù.” Mo ní ìfura loògùn àgbà, kó lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ọkùnrin tí kò pè mí láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Ìyàwó wa, ṣé dáadáa lo wà? A ti rí àwòrán o.”

“Àwòrán wo, sà?”

“Èyí tí àbíkẹ́yìn wa fi sórí gúrúùpù ẹbí. Ẹ̀rọ tí olóògbé rà ló ń bọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tìrẹ ń sùn. Ṣé o rí i pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú? A ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.”

Gúrúùpù ẹbí tí wọ́n ti yọ èmi kúrò nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ sàréè ọkọ mi tó gbẹ! Mo pe Akọ́wé, mo ní kó wá bá mi kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Nígbà tó dé, n kò jẹ́ kó jókòó.

“Ẹ ti tà mí.”

Ó ní, “Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ìyangàn ni mo ń ṣe. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ nílé pé kí ni mo fi gbogbo ìwé tí mo kà ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé iṣẹ́ mi dín iná ṣọ́ọ̀bù kù, ìdí nìyẹn tí mo fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.”

Ó dà bí òótọ́. Mo mọ ilé náà. Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa irọ́ gidi, ṣé kì í fi òótọ́ díẹ̀ sè é ni? Mo ní kó pa ètò rẹ̀. Mo ní a máa dán àwọn ẹ̀rọ náà wò lójú ara wa, kí n mọ̀ bóyá ètò ló ń parọ́ tàbí ẹni tó gbé e wá.

A mú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: ilé kan tí ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé lẹ́yìn bárékè Ọ̀jọ́, fẹ́ kọ́ sí etí ọ̀sà. Igi àgbọn wà nínú rẹ̀, adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, gíláàsì lójúde. A gé ibi tó le jù nínú rẹ̀, a fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ibì kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àwọn tó kù wà ní pípa, a sì ń wo bí iná ṣe ń lọ lójú ínfátà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná bátìrì fún wa. Àwọn tèmi ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá kan Àgbà. Bí a ṣe fún un báyìí, iye iná tó wà lójú ínfátà fò sókè. Fáànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ayàwòrán mi gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kíá ló fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwọn yòókù ti ṣe tán, wọ́n ti gbàgbé, Àgbà ò tíì ya igi àgbọn kan parí, iná tó sì ti jẹ ti ju tẹnikẹ́ni lọ.

Akọ́wé lanu. Ó ní, “Kò yẹ kó rí báyìí.”

Mo dúró, mo ń wo ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán mi máa ń sọ láàárọ̀ wá dún létí mi. Mo pariwo, “Ojú ọ̀run!”

Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú.

“Ojú ọ̀run la ti ń fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Ojú ọ̀run àti ògiri! A kò fún un níṣẹ́ gidi rí. Báwo ni kò ṣe ní jẹun kéré? Ètò yín wò ó, ó rí ẹni tí kì í jẹun púpọ̀, kò mọ̀ pé a kì í jẹ́ kó ru ẹrù ni. Ó wá rò pé akíkanjú ni, ló bá kó gbogbo ẹrù ilé lé e lórí! Bátìrì wa ń pẹ́ nítorí pé òun nìkan ló jí, iṣẹ́ ló ń falẹ̀!”

Akọ́wé di orí mú. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àgbà. Àárò ọkọ mi sọ mí nígbà náà, nítorí òun ni ì bá rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀. Akọ́wé ní ẹ̀kọ́ tí ètò náà kọ́ kò pé, pé òun máa tún un kọ́: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó le àti èyí tó rọ̀, kí ètò náà tó lè mọ ìwà wọn. Ó tan ètò náà padà, ó ní ó máa gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó yí ìwà padà.

Mo ní, “Ó dáa. Àmọ́ kí Sátidé tó dé, ẹ sọ fún wọn nílé pé ohun tí wọ́n rí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Màá sọ, Àǹtí.” Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́.

Sátidé, wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ṣáájú, àbúrò bàbá wọn obìnrin, ìyá àgbà kan, tẹ̀ lé e, Akọ́wé wà lẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé míníràlì fún wọn. Ẹ̀gbọ́n kò jókòó. Ó lọ dúró síwájú ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó. Ètò náà kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ tuntun parí, nítorí náà, Àgbà náà ló ṣì ní àwọ̀ ewé, àwọn tèmi sùn kalẹ̀ láwọ̀ eérú. Ó mi orí, ó mi orí.

Ó wá ní, “Ìyàwó wa, àwa kì í ṣe olójúkòkòrò. Àwọn ènìyàn ní ká gba gbogbo rẹ̀. Mo ní rárá. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbí, òun la máa gbé lọ, ká fi dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Àwọn tó ń sùn yìí, a fi sílẹ̀ fún ọ.”

Ọlọ́run ló rí mi, mo sọ òótọ́. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú sà, ẹ̀rọ yẹn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àṣìṣe ni. Ó ti gbó. Iná ló ń jẹ.” Mo ṣàlàyé ojú ọ̀run. Mo ṣàlàyé igi àgbọn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ojú wọn ń le sí i.

Ìyá àgbà náà pòṣé. Ó ní, “Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó. A gbọ́ ọ.”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé èyí tó ń sùn ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ló ń sùn?”

Mo yíjú sí Akọ́wé. “Akọ́wé, ẹ kúkú bá mi sọ fún wọn! Ṣebí ojú yín ló ṣe!”

Ilẹ̀ ni Akọ́wé ń wò. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ohun tí ẹ rí náà lẹ rí.”

Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo ti lanu láti tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyá àgbà náà wá ní, “Ẹ wò bó ṣe ń làágùn. Ó mọ̀ pé èyí tó dáa la fẹ́ gbé.” Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí. Àwọn tó ń sùn, a fi sílẹ̀ fún ọ. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí gbogbo wa gbọ́.”

Ó tún un sọ, ketekete, pé láti òní lọ, yàtọ̀ sí ẹ̀rọ àbúrò òun, kò sí ohun tó kan ẹbí mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá àgbà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ayàwòrán mi dúró síbẹ̀, ó gbọ́. Mo dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí Akọ́wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń yọ àwọn wáyà Àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà bí ẹni pé ọkọ mi ni wọ́n tún ń gbé jáde. Mo ní kó dúró. Mo mú aṣọ, mo nu eruku ara rẹ̀, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣì gbóná. Ẹkún gbọ̀n mí. Bí wọ́n bá ní kí n mú gbogbo àwọn tó kù wá pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí yẹn, n kò mọ ohun tí ẹnu mi ì bá sọ. Ìyá àgbà rí ẹkún náà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó dá wọn lójú wàyí pé ohun rere ni wọ́n ń gbé lọ. Akọ́wé gbé e sáyà, ó gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a fi iṣẹ́ ọ̀gá sójà sórí ẹ̀rọ, kò lọ. Àwọn tèmi sùn sílẹ̀. Àyè Àgbà ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ gbogbo dúró dè é. Ọ̀gá sójà ń pè léraléra, ó ní òun máa gba owó òun padà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n pe Akọ́wé lọ. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pè é.

Ó ní, “Àgbà ló ń retí, Àǹtí. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé e lọ. Ẹ máa rí ibì kan tó ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, á gbàgbé rẹ̀, á sì jí àwọn tó kù.”

Mo rí ibẹ̀. N kò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Akọ́wé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ òótọ́ lọ́jọ́ Sátidé?”

Mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ ni?”

N kò mọ̀ bóyá ó ń sọ fún mi pé òun ló gbà mí, tàbí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi náà dákẹ́. N kò mọ̀ ọ́n dòní. Ó ṣì ń wá kí mi, mo ṣì ń fún un lága, mo sì ń rí i dájú pé àga náà kọjú sí mi. Mo pa fóònù. Mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀. Ètò náà bi mí ṣé ó dá mi lójú pé kí òun má retí ẹ̀rọ yìí mọ́. Ọwọ́ mi wà lókè, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ayàwòrán mi sì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sọ fún ọ̀gá sójà pé kó máa bọ̀ nírọ̀lẹ́.